Báwo ni agbára ogun tí Ṣáínà ń kó jọ ṣe yí ètò ààbò Jàpáànì padà?

Adétọ́lá béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń rò lọ rò bọ̀, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ̀ nípa ètò ààbò orílẹ̀-èdè là mí lọ́yẹ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ Jàpáànì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 1947, sọ ní abala kẹsàn-án pé orílẹ̀-èdè náà kọ ogun sílẹ̀ títí láé, àti pé kò ní ní ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi tàbí ti òfuurufú. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Agbèjà-ara-ẹni sílẹ̀ ní 1954, àlàyé tí ìjọba ṣe ni pé òfin náà kò gba ẹ̀tọ́ àtigbèjà ara ẹni lọ́wọ́ Jàpáànì. Ní 1976, ìjọba Miki tún fi ààlà sí owó tí wọ́n lè ná lórí ààbò: kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè náà ń pèsè lọ́dún. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n mú òté yẹn kúrò lórí ìwé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, owó náà kò kúrò ní àyíká ìdá kan yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àmọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ìjọba Kishida fọwọ́ sí ìwé ìlànà ààbò mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní owó ààbò yóò di ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún títí di ọdún ìṣúná 2027, pé tírílíọ̀nù yẹ́ẹ̀nì 43 ni wọn yóò ná láàárín ọdún márùn-ún, àti pé Jàpáànì yóò ra mísáìlì tó lè dé ilẹ̀ ẹni tó bá kọlù ú. Ìwé náà pe ìṣe Ṣáínà ní ìpèníjà tó tóbi jù lọ tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Tí aládùúgbò bá ń kan ọkọ̀ ogun lójoojúmọ́, báwo ni àwọn tó ń gbèrò ààbò ṣe ń mọ èyí tó yẹ kí wọ́n fèsì sí àti èyí tí kò yẹ? Ṣé iye ọkọ̀ ni wọ́n ń kà ni, àbí ohun mìíràn wà? Ṣé ọkàn àwọn ará Jàpáànì sì lè balẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí?

Bàbá Ọláyínká fèsì pé:

Adétọ́lá, ìbéèrè rẹ dára gan-an, mo sì máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ ayé. Ẹni tó bá ka iye ọkọ̀ nìkan yóò rí i pé ọmọ ogun ojú omi Ṣáínà ti ní ju ọkọ̀ 370 lọ, èyí tó jẹ́ kí wọ́n ní ọkọ̀ ogun púpọ̀ jù lọ ní àgbáyé, yóò sì parí èrò sí pé Jàpáànì gbọ́dọ̀ kan ọkọ̀ púpọ̀ láti bá wọn dọ́gba. Jàpáànì kò gbìyànjú ìyẹn, nítorí pé kò lè ṣe é. Ìbéèrè tí àwọn agbèròo wọn béèrè ni pé: ibo ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gbọ́dọ̀ gbà kọjá, ta ló sì ni etí ọ̀nà náà?

Ìdáhùn rẹ̀ ni àwọn erékùṣù Nansei, tó tò láti Kyushu, erékùṣù ńlá kan ní gúúsù Jàpáànì, lọ sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn títí dé Yonaguni. Yonaguni kò ju nǹkan bíi kìlómítà 110 lọ sí Táíwáànì. Láti inú Òkun Ìlà Oòrùn Ṣáínà, ọkọ̀ ogun Ṣáínà tó bá fẹ́ jáde sí òkun Pàsífíìkì ní láti gba àárín àwọn erékùṣù wọ̀nyí, àlàfo tó wà láàárín Okinawa àti Miyako ló sì fẹ̀ jù tí wọ́n ń gbà. Ní ìgbà ayé Soviet, apá àríwá, ní Hokkaido, ni Jàpáànì kó ọmọ ogun àti ọkọ̀ ogun onírin rẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n rò pé ọ̀tá lè gbà wọlé. Láti ọdún 2010 ni ìlànà wọn ti ń sọ ọ́ ní gbangba pé ojú gbọ́dọ̀ kúrò ní àríwá kó wá sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Wọ́n ṣí ibùdó ọmọ ogun ní Yonaguni ní 2016, ní Amami àti Miyako ní 2019, àti ní Ishigaki ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Ní 2018, wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ tó kọ́ bí a ṣe ń gba erékùṣù padà láti ojú omi, irú èyí tí wọn kò ní rí láti ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti parí. Ìyípadà tó jinlẹ̀ jù lọ nìyẹn lójú tèmi, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun kejì ni pé agbèrò ààbò kì í wo ohun tí aládùúgbò sọ pé òun ní lọ́kàn, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè tẹ̀ ló ń wò. Ọkàn ìjọba lè yí padà lóru ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun tó ń gbé bàálù kò ṣeé kàn lóru ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé fọ́ tà lóru ọjọ́ kan. Ṣáínà gba Liaoning wọ iṣẹ́ ní 2012, Shandong ní 2019, Fujian sì tẹ̀ lé wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025. Ẹni tó bá dúró títí ó fi dá a lójú pé aládùúgbò ní èrò ibi lọ́kàn kí ó tó máa kọ́ ohun ìgbèjà, ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó o mọ́, nítorí ohun ìgbèjà pàápàá ń gba ọdún mẹ́wàá kí ó tó délẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Àwọn mísáìlì ni wọ́n sì yí èrò wọn padà ju ọkọ̀ lọ. Láti 1987 títí di 2019, àdéhùn kan láàárín Amẹ́ríkà àti Soviet (Rọ́ṣíà lẹ́yìn náà) kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì ní mísáìlì orí ilẹ̀ tó lè rin kìlómítà 500 sí 5,500. Ṣáínà kò sí nínú àdéhùn yẹn, ó sì fi gbogbo ìgbà náà kọ́ irú mísáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tó fi jẹ́ pé gbogbo ibùdó ọkọ̀ òfuurufú tó wà ní Jàpáànì, ti Amẹ́ríkà àti ti Jàpáànì fúnra rẹ̀, ló wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, lẹ́yìn tí Nancy Pelosi, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣàbẹ̀wò sí Táíwáànì, márùn-ún nínú àwọn mísáìlì tí Ṣáínà fi dánra wò bọ́ sí agbègbè òkun tí Jàpáànì ka ọrọ̀ inú rẹ̀ sí tirẹ̀. Kò sí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin péré ló wà láàárín rẹ̀ àti àwọn ìwé mẹ́ta tí o mẹ́nu kàn. Wọ́n rí i pé bí mísáìlì bá wá lẹ́ẹ̀kan náà ní àpọ̀jù, ohun tí wọ́n fi ń já a lulẹ̀ yóò tán kí mísáìlì tó tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pinnu láti ra mísáìlì Tomahawk 400 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń mú kí mísáìlì tiwọn tí wọ́n ń pè ní Type 12 lè rin nǹkan bíi kìlómítà 1,000. Wọn kò fi èyí ṣètò láti gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ kọlù wọ́n rí i tẹ́lẹ̀ pé iye tí yóò san yóò ju èrè rẹ̀ lọ.

Kí ó má bàa dà bíi pé Ṣáínà nìkan ni: Kòréà Àríwá ti ta mísáìlì kọjá lórí ilẹ̀ Jàpáànì ní 2017 àti ní 2022, ogun tí Rọ́ṣíà gbé ko Ukraine sì fi han àwọn ará Jàpáànì pé orílẹ̀-èdè ńlá ṣì lè fi ipá wọ ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló mú kí ará ìlú gbà láti náwó. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ Ṣáínà kúrò nínú rẹ̀, ibùdó Yonaguni kò ní ìtumọ̀ kankan.

Mojísọ́lá fèsì pé:

Mo kí Bàbá Ọláyínká fún àlàyé tó kún yìí. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí ọ̀rọ̀ àwòrán ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á tún wo àwòrán náà láti etíkun Ṣáínà, torí pé a kò lè gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ẹni tó bá dúró ní Shanghai tó wo ìlà oòrùn yóò rí àwọn erékùṣù tó tò bí ọgbà yí i ká, tí ibùdó Amẹ́ríkà sì wà lórí wọn. Ní 1895, lẹ́yìn ogun tí Jàpáànì borí, Ṣáínà pàdánù Táíwáànì fún un. Ní 1937, ọmọ ogun Jàpáànì wọ Nanjing, wọ́n sì pa àìmọye ará ìlú nípakúpa. Àwọn ọmọ Ṣáínà kò gbàgbé. Ní 1996, nígbà tí Ṣáínà ń ta mísáìlì sí omi ẹ̀gbẹ́ Táíwáànì, Amẹ́ríkà rán ẹgbẹ́ ọkọ̀ ogun agbébàálù méjì wá, Ṣáínà kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń rí lónìí, àwọn mísáìlì tí ń lépa ọkọ̀ agbébàálù àti àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi, ni wọ́n ti inú ìtìjú ọdún yẹn wá. Nítorí náà, ohun tí Bàbá pè ní ìkójọ agbára ogun, ìdáhùn ni wọ́n pè é ní Beijing.

Ewu tó wà níbẹ̀ nìyí, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn: mísáìlì tó lè rin kìlómítà 1,000 kò ní àmì lára pé ìgbèjà ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí Jàpáànì bá gbé e sí Kyushu, ó sọ pé ìdènà ogun ni. Beijing rí i, ó sì fi kún mísáìlì tirẹ̀. Jàpáànì rí àfikún náà, ó ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́ nínú ohun tí wọ́n ń sọ, síbẹ̀ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa dẹ́rù ba èkejì títí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ka ìkànnì tẹlifóònù tó wà láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ààbò orílẹ̀-èdè méjèèjì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, sí ara ètò ààbò gan-an, tí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ní ọdún ìṣúná 2016, ọkọ̀ òfuurufú ajagun Jàpáànì gbéra lójijì ní ìgbà 1,168 láti lọ wo ọkọ̀ òfuurufú tó ń sún mọ́ ilẹ̀ wọn, 851 nínú rẹ̀ sì jẹ́ nítorí ti Ṣáínà. Àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀ méjì ló ń pàdé lójú ọ̀run nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ṣi ọwọ́ gbé, ta ni yóò kọ́kọ́ bá ta sọ̀rọ̀, láàárín ìṣẹ́jú mélòó?

Akínkúnmi fèsì pé:

Àwọn tó ṣáájú ti sọ ti ohun ìjà, ṣùgbọ́n apá kan ìlànà Jàpáànì kò ní ìbọn nínú rárá. Ṣáínà ni orílẹ̀-èdè tí Jàpáànì ń bá ṣòwò jù lọ, èyí sì mú kí ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ pátápátá sí ti Amẹ́ríkà àti Soviet láyé àtijọ́, tí òwò tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, ọkọ̀ apẹja Ṣáínà kan kọlu ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun Jàpáànì nítòsí àwọn erékùṣù Senkaku, tí Jàpáànì ń ṣàkóso ṣùgbọ́n tí Ṣáínà ń pè ní Diaoyu tó sì ní tòun ni. Jàpáànì mú ọ̀gá ọkọ̀ náà. Láìpẹ́, àwọn ohun àlùmọ́nì tó ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n fi ń ṣe mágínẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò àti ẹ̀rọ ìgbàlódé, dáwọ́ wíwọ Jàpáànì dúró. Nígbà yẹn, nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí Jàpáànì ń lò ló ń wá láti Ṣáínà. Wọ́n kó owó ìjọba sí iléeṣẹ́ ìwakùsà kan ní Ọsirélíà, wọ́n kó ohun àlùmọ́nì pamọ́, wọ́n wá ọ̀nà tí wọn yóò fi lò ó níwọ̀nba, ìdá náà sì sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 60. Ní 2022, wọ́n ṣe òfin kan fún ààbò ọrọ̀ ajé. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí ni Jàpáànì ṣe dáadáa jù nínú gbogbo ètò ààbò rẹ̀, torí pé kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ní ti tírílíọ̀nù 43 yẹn, ìṣòro méjì wà. Èkíní ni pé iye owó yẹ́ẹ̀nì ti já wálẹ̀ gan-an sí dọ́là láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe ìṣirò náà, bẹ́ẹ̀ dọ́là ni wọ́n fi ń ra Tomahawk àti bàálù F-35. Èkejì burú jù: ènìyàn. Iye ọmọ tí wọ́n ń bí ní Jàpáànì ń dín kù lọ́dọọdún. Ní ọdún ìṣúná 2023, àwọn tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun rí gbà síṣẹ́ lé díẹ̀ péré ní ìdajì iye tí wọ́n ń wá. Èèyàn lè ra mísáìlì, ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún tí yóò tọ́jú rẹ̀ kò sí lọ́jà.

Adétọ́lá tún béèrè pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ìyá wa Mojísọ́lá ti jẹ́ kí n rí i pé ibi tí mo dúró sí nígbà tí mo béèrè, apá kan ni. Ìbéèrè méjì ló ṣẹ́kù. Bí Jàpáànì bá ń gbára lé Amẹ́ríkà láti 1951, kí ló dé tí ó fi tún ń wá agbára tirẹ̀? Àwọn tó ń gbé lórí àwọn erékùṣù yẹn ńkọ́, kí ni ìlànà yìí sọ nípa tiwọn?

Bàbá Ọláyínká fèsì pé:

Mojísọ́lá ọmọ mi, o sọ òótọ́ nípa 1996. N kò ní jiyàn rẹ̀. Ohun tí mo lè fi kún un ni pé olùgbèrò ní Tokyo lè mọ gbogbo ìtàn yẹn, kí ó sì káàánú rẹ̀, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ etíkun Ṣáínà wà ní ẹ̀gbẹ́ Senkaku fún ọjọ́ 355 ní ọdún 2024, àti pé láti oṣù Kejì ọdún 2021 ni òfin Ṣáínà ti fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láṣẹ láti lo ohun ìjà ní omi tó bá kà sí tirẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Adétọ́lá, ní ti Amẹ́ríkà, ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Jàpáànì kò lè dá dúró níwájú orílẹ̀-èdè tó ní ju orí ohun ìjà átọ́míìkì 600 lọ gẹ́gẹ́ bí Amẹ́ríkà ṣe ṣírò, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti pinnu láti 1967 pé òun kò ní ní irú rẹ̀, òun kò ní ṣe é, òun kò sì ní gbà á láyè lórí ilẹ̀ òun. Abala karùn-ún nínú àdéhùn ààbò tí Jàpáànì àti Amẹ́ríkà ṣe ní 1960 ló ń bo àléébù yìí, Obama sì sọ ní Tokyo ní 2014 pé àdéhùn náà kan Senkaku. Ṣùgbọ́n ìlérí ààrẹ kan kò de ọwọ́ ààrẹ mìíràn. Bí Ṣáínà ṣe ń lágbára sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí Amẹ́ríkà yóò pàdánù bó bá wá ran Jàpáànì lọ́wọ́ ń pọ̀ sí i, ìyẹn gan-an ló sì ń mú kí Tokyo máa ṣiyèméjì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ṣe ohun méjì pọ̀: wọ́n ń so ara wọn mọ́ Amẹ́ríkà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ń wá ọ̀rẹ́ mìíràn. Wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kí ọmọ ogun lè máa wọ ilẹ̀ ara wọn pẹ̀lú Ọsirélíà ní 2022, pẹ̀lú Bìrìtéènì ní 2023, àti pẹ̀lú Fílípínì ní 2024, wọ́n sì ń bá Bìrìtéènì àti Ítálì ṣe bàálù ogun tuntun pọ̀.

Ìbéèrè rẹ kejì ló wúwo jù, ojú sì ń tì mí pé kò sí nínú èsì mi àkọ́kọ́. Okinawa kò ju ìdá 0.6 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ Jàpáànì lọ, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tí ibùdó ogun Amẹ́ríkà ń lò ní Jàpáànì ló wà níbẹ̀. Láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹfà ọdún 1945, ogun jà lórí ilẹ̀ wọn débi pé wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀ pé ẹnìkan nínú mẹ́rin ará ibẹ̀ ló kú. Ní Yonaguni, àwọn ará ìlú dìbò ní 2015, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì gbà pé kí ibùdó ọmọ ogun wá. Àwọn kan rò pé yóò mú iṣẹ́ àti ènìyàn wá sí erékùṣù tó ń ṣófo lọ. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn nígbà yẹn ni ibùdó tí yóò máa ṣọ́ òkun. Ọ̀rọ̀ mísáìlì dé lẹ́yìn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ìjọba gbé ètò jáde nípa bí wọn yóò ṣe kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn, ará ìlú àti àlejò, kúrò ní àwọn erékùṣù Sakishima, tí Miyako, Ishigaki àti Yonaguni wà lára wọn, lọ sí Kyushu àti Yamaguchi láàárín ọjọ́ mẹ́fà, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti bàálù. Ètò náà gba pé ìkìlọ̀ yóò wà ṣáájú, pé ojú ọjọ́ yóò dára, àti pé pápákọ̀ òfuurufú kò tíì bàjẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, olórí ìjọba, Takaichi, sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé bí wọ́n bá kọlu Táíwáànì, ó lè di ohun tó kan ìwàláàyè Jàpáànì, èyí tí òfin ọdún 2015 sọ pé ọmọ ogun lè torí rẹ̀ jà. Beijing bínú gidigidi, ó sì ní kí àwọn ará ìlú rẹ̀ má lọ sí Jàpáànì mọ́.

Nítorí náà, bí o bá bi mí bóyá ọkàn wọn lè balẹ̀, n óò dáhùn pé ẹni tó wà ní Tokyo lè sọ pé ìkọlù ti ṣòro fún ẹnikẹ́ni ju bó ṣe rí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lọ, mo sì gbà á gbọ́. Ẹni tó wà ní Ishigaki, tí ibùdó mísáìlì wà nítòsí oko rẹ̀, tí ibùdó ìsápamọ́ tí wọ́n ṣèlérí fún un kò tíì parí, kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kọ́ ibùdó ìsápamọ́ yẹn tán kí wọ́n tó gbé mísáìlì mìíràn wá.